Àdúgbò Wa Ti Di Ti Wúyẹ́wúyẹ́

Ọmọ mi àkọ́bí,

Mo kí ọ láti orí àpótí tí mo máa ń jókòó lé tún aago ṣe. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé yín tí o ní ẹ máa ń gùn títí ẹsẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Bí ara rẹ bá le bí tèmi ṣe le, a jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ọ́, torí ara tèmi le, etí nìkan ló fẹ́ yọ mí lẹ́nu, ìyẹn náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Àbúrò rẹ obìnrin ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má gbàgbé kọ ọ̀rọ̀ òun, mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Kí Ẹlẹ́dàá tó ń ṣọ́ wa níbí má gbójú kúrò lára rẹ lọ́hùn-ún, kí àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ má kábàámọ̀ rẹ, kí ìwọ náà má kábàámọ̀ wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó yé ọ ni ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. O rántí ọjọ́ tí o pè mí, tí o ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà tí o fẹ́ sọ, tí mo sì dá ọ lóhùn pé pẹ̀lẹ́, kí o mú un mọ́ra, pé ohun tó bá ti lọ ti lọ. Ìyá rẹ ti wá là mí lọ́yẹ̀ pé ohun tí o ń sọ ni pé wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà ni pé wọ́n lé ọ dànù, mo sì ti sọ ọ́ fún bàbá onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, òun náà sì ti sọ ọ́ fún gbogbo orí tó fá lọ́sẹ̀ yẹn. Tí o bá wálé, àwọn èèyàn á máa bá ọ kẹ́dùn. Má bá wọn jiyàn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti gbàdúrà gan-an.

Ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé ohùn rẹ ń kéré sí i nínú fóònù. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo sì rí ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nínú fóònù, mo wá gbà pé ní ìlú ńlá tí gbogbo nǹkan ti wọ́n, ẹni tó bá sọ ọ́ sókè á san ju ẹni tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lọ, pé ṣe ni ìwọ ọmọ mi ń ṣọ́ owó ná. Mo yìn ọ́ nínú ọkàn mi. Mo tilẹ̀ sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ yìí mọ owó lò. Ìyá rẹ wò mí, kò sọ nǹkan kan, tàbí ó sọ ọ́, mi ò mọ̀.

Ó wá yá, mo rí i pé kì í ṣe ìwọ nìkan. Gbogbo àdúgbò wa ti di ti wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo bá ń kọjá níwájú ilé oníbúrẹ́dì, màá rí òun àti oníbàárà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ètè wọn á máa lọ á máa bọ̀, ohùn ò ní jáde. Bí mo bá sún mọ́ wọn, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á mi orí. Kí ni mo fẹ́ rò? Mo tan rédíò, àwọn tó ń ka ìròyìn náà ń kà á bí ẹni tó ń sọ àṣírí, mo gbà pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí aráàlú má gbọ́ ohun tó ń lọ. Mo yí bọ́tìnnì rédíò náà títí kò fi lè yí mọ́, kí n lè gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún wa. Ayálégbé tó wà ní ẹ̀yìn ògiri wa wá kan ilẹ̀kùn, ó la ẹnu gbàgà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú. Mo kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní kó lọ kán òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kó fi òwú dí i, pé á fi í sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì.

Nínú gbogbo àdúgbò yìí, ìyá rẹ nìkan ni kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òun sì rèé, bí ẹni ń jà ló ń sọ tirẹ̀. Bó bá fẹ́ pè mí wá jẹun, ṣe ni iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ. Mo bi í pé kí ni mo ṣe tó fi ń jágbe mọ́ mi látàárọ̀, ó ní òun ti pè mí jẹ́jẹ́ títí, mi ò dáhùn. Mi ò gbà á gbọ́, torí mo wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi náà ò yọ sílẹ̀. O mọ̀ pé etí ni mo fi ń mọ àìsàn aago, ojú kàn ń bá mi wá ibi tó wà ni. Wọ́n á gbé aago wá, màá gbé e sétí, kò ní dún. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí o, ṣùgbọ́n kò dún. Mo sọ fún àwọn oníbàárà pé aago yín ti kú, ọwọ́ rẹ̀ kàn ń yí láìní ẹ̀mí ni. Àwọn kan bínú gba aago wọn. Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ àgbà kó tó fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé aláwọ̀ ewé tó wà ní kọ̀rọ̀, gbé aago ara ògiri rẹ̀ wá pé kí n nù ún, mo tú u, mo tò ó, mo tún un tú, mo ní màmá, kò ṣeé ṣe mọ́. Ìgbà tó di aago bíi mélòó kan ló wá yé mi. Àwọn tó ń ṣe aago ti pinnu láti máa ṣe èyí tí kì í sọ̀rọ̀, kí àwọn èèyàn má baà mọ̀ pé àsìkò ń lọ. Èèyàn tí kò bá gbọ́ pé àsìkò ń lọ, ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe náà ni yóò ṣe. Ẹ̀rù ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí gidi. Mo máa ń dá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn aago tí mo fi kọ́ ògiri yóò wà níwájú mi, ọwọ́ gbogbo wọn á máa yí, kẹ́kẹ́ ò ní jáde lẹ́nu wọn.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí nígbà tí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ dé. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ẹ wá kí wa, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n jókòó sórí àga gígùn inú pálọ̀. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ètè rẹ̀ mì. Mo tún bi í. Ètè rẹ̀ tún mì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo dá a lóhùn ohun tí mo rò pé ó sọ, ìyá rẹ sì fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ń wo àjà, àbúrò rẹ sáré wọ yàrá. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mo dìde dúró. Mo ní ọkùnrin tí kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀ nílé àna rẹ̀, ohun kan wà tó ń fi pamọ́, pé irú wọn ló ń wọ́ ayé lọ sínú kòtò, pé èmi ò fi ọmọ fún Wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n tẹríba, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn. Àbúrò rẹ ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà, mi ò tètè fura.

Mo wò ó pé tí n bá dákẹ́, èmi náà ti di ọ̀kan nínú wọn. Ìpàdé àwọn onílé wá bọ́ sí i, èyí tí wọ́n pè nítorí gọ́tà tó dí. Mo gba ààyè láti sọ̀rọ̀. Mo dúró, mo sì sọ ọ́ débi pé òógùn bò mí. Mo ní kí wọ́n gbàgbé gọ́tà. Mo ní àdúgbò tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè, tí aago pàápàá ti pa ẹnu mọ́, ọ̀tẹ̀ ni wọ́n ń dì níbẹ̀, bí kì í bá ṣe lónìí, á jẹ́ lọ́la. Gbogbo wọn wò mí ṣùn-ùn. Ẹnì kankan ò fèsì, ìyẹn sì fi hàn mí pé òótọ́ ni mo sọ.

Lẹ́yìn tí mo jókòó, àwọn mìíràn dìde, ọ̀rọ̀ ayé ti gbòde báyìí, gọ́tà ti di ti ẹ̀yìn. Ìyá rẹ ló wá sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi nílé, pẹ̀lú ohùn ìjà rẹ̀ yẹn. Ó ní bàbá onígbàjámọ̀ sọ pé ohun tó ń ba ayé jẹ́ ni pé àwọn èèyàn ti ń gé irun ara wọn nílé, pé ẹni tí kò lè fọkàn tán ọmọlàkejì rẹ̀ pẹ̀lú abẹ, kí ló kù tó lè fọkàn tán an lé lórí. Oníbúrẹ́dì ní kì í ṣe irun rárá, pé ìgbà tí àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílé láàárọ̀ láìfi nǹkan kan kan ẹnu ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Ìyá olùkọ́ àgbà ní ìkọ̀wé ni, pé kò sí ọmọ tó tún lè fi gègé fa ìlà kó gún. Mo jókòó ro gbogbo rẹ̀, mo sì rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu, pé ìbẹ̀rù oníkálukú ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ń wo ayé láti orí, oníbúrẹ́dì ń wò ó láti ikùn, tíṣà ń wò ó láti ọwọ́. Ó dùn mí pé èmi nìkan ni mo ń wò ó bó ṣe rí gan-an.

Kò pẹ́ sígbà náà ni fóònù mi yadi. Mo pè ọ́, kò sí ohùn. Mo pe ẹlòmíràn, kò sí ohùn. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ta ni mo sì bá lẹ́yìn káńtà? Wúyẹ́wúyẹ́ ni. Mo fẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ó ti rí mi, ó sì ti dìde fún mi. Ó gba fóònù náà, ó fi òmíràn pè é, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ kékeré kan bú sẹ́kún. Èmi nìkan ni mo dúró jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà wò mí fún ìgbà díẹ̀. Kò sọ nǹkan kan níwájú wọn. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi, ó mú mi wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n kó èèpo fóònù àtijọ́ sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹnu, ó sì pariwo sí mi létí pé kò sí ohun tó ṣe fóònù mi, pé etí mi ni kí n jẹ́ kí dókítà yẹ̀ wò.

Ọmọ mi, inú mi dùn. Láti ọjọ́ yìí wá, ẹnì kan ṣoṣo tó bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ èèyàn rèé. Mo ní kó tún un sọ. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́, ó kàn dùn mọ́ mi ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ níta, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí káńtà. Mo bi í pé kí ló sọ lọ́jọ́ tó wá sílé wa, ó ní òun sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé fóònù lòun ń tún ṣe, pé mo sì dá òun lóhùn pé a dúpẹ́, páànù òrùlé wa ò jò. Mo dúró láàárín àwọn èèpo fóònù yẹn. Ó bu omi fún mi mu.

Òun àti àbúrò rẹ ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní ìwé kan tí a ó kọ nǹkan sí, ó bèèrè ẹni tí wọ́n lè sọ fún bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ gbogbo àdúgbò, torí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa sọ ọ́ fún. Àbúrò rẹ kọ orúkọ ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá fi mí sínú yàrá kan tó ní gíláàsì, ó fi nǹkan bò mí létí, ó fún mi ní bọ́tìnnì kan, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé bí mo bá ti gbọ́ ìró, kí n tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Mi ò fìdí rẹmi nínú ìdánwò rí láyé mi, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ṣe ni mo yege. Mo bá ń wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà nínú gíláàsì, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti lọ síbi ẹ̀rọ, màá tẹ̀ ẹ́, mo sì tún ń fi díẹ̀ kún un láàárín kó má baà rò pé mo ń ṣe ọ̀lẹ. Ó wá bá mi. Ó pariwo sí mi létí pé mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí òun tó tan ẹ̀rọ náà. Mo ní mo múra sílẹ̀ dáadáa ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí àga mi padà kọjú sí ògiri, ó lọ.

Ògiri náà funfun, ibì kan ti sán díẹ̀ lórí rẹ̀. Mo di bọ́tìnnì mú, mò ń dúró. Mo dúró títí. Kò sí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé obìnrin yẹn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi, pé ìró ń lọ, pé gbogbo èèyàn tó wà nínú ilé yẹn ló lè gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rò ó pé bóyá kì í ṣe ayé.

Dókítà fọ etí òsì fún mi. Ohun tó jáde níbẹ̀, mi ò ní kọ ọ́, torí mi ò mọ̀ bóyá oúnjẹ lo ń jẹ lọ́wọ́. Ó ní ti ọ̀tún kì í ṣe ìdọ̀tí, ọjọ́ orí ni, ó wá fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì sétí. Bí wọ́n ṣe kì í sí mi létí tí mo dìde, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni bàtà ara mi. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ṣílẹ̀kùn, gbogbo aago tó wà lára ògiri ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, kò sí èyí tó dúró de èkejì. Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò ṣiṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Mo gbé ti ìyá olùkọ́ àgbà padà fún un, mo ní ara rẹ̀ ti yá.

Àdúgbò náà ti yí padà o. Àwọn èèyàn ti ń la ẹnu sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ etí ni, mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n lára. Mo pín in sí méjì, mo fún etí ní ìdajì, mo fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìdajì. Èyí tó tún wá ń bà mí lẹ́rù báyìí ni ariwo. Mi ò mọ̀ pé ayé ti pariwo tó báyìí. Ilẹ̀kùn, alùpùpù, omi ẹ̀rọ, àwọn ọmọ ilé kejì, gbogbo wọn bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn figagbága. Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ fún ìpàdé tó ń bọ̀ lórí ibi tí ariwo ń gbé wa lọ. Ìyá rẹ ní kí n jọ̀ọ́, kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà mọ́ mi lára ná.

Mo ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà pé mo gbà, kó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá. Wọ́n ti wá. Kò pariwo, ó sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àbúrò rẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n kọ ọ́ pé orúkọ tí mo sọ ọkọ òun kò dùn mọ́ òun, mo ti kọ ọ́.

Ọ̀kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ jókòó nílé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà, èmi jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nípa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, nípa obìnrin kan tí wọ́n jọ rìn ní òwúrọ̀. Mo rò pé àlejò wà níbẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó ní èmi ni. Ó ní bí òun ṣe máa ń ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ fún mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, ó ti lé ní ọdún kan tí mi ò ti fèsì, òun kàn ń rò ó lọ. Mo bi í pé ní gbogbo ìgbà yẹn, ṣé ẹ̀rù ibi tí ayé ń lọ ò bà á ni. Ó ní òun ò ráyè ti ayé. Ó ní èmi ń bẹ̀rù ibi tí ayé ń lọ, òun ń bẹ̀rù ibi tí èmi ń lọ, torí mo wà lórí àga lójú òun, òun ò sì rí mi. Mo dákẹ́. Ó bi mí bóyá mi ò gbọ́ ni. Mo ní mo gbọ́.

Mo bá ní kó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo èyí tó ti sọ láàárín ọdún náà. Ó ní ta ló fẹ́ rántí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń rántí wọn ní díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rò wọ́n fún mi ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, a ò tíì dé ibi tí òjò ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bátìrì, torí ẹ̀rọ náà ń jẹ ẹ́ bí ẹni ìyàn mú, bátìrì ọ̀hún ò sì ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, adìẹ ayálégbé wa ti gbé ọ̀kan mì. Fi díẹ̀ sí i fún ohun tó kù tí a ó san nílé ìwòsàn, àti fún ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ, ìwọ náà mọ bí ayẹyẹ ṣe máa ń rí. Bá mi bi àwọn tó mọ̀wé lọ́dọ̀ yín bóyá ẹ̀rọ yìí lè gba ìròyìn rédíò, màá dín owó bátìrì rédíò kù. Bí o bá sì pè mí, má pariwo, sọ̀rọ̀ bí o ṣe máa ń sọ ọ́, mo fẹ́ mọ bí ohùn rẹ ṣe rí báyìí tí o ti di ọ̀gá.

Kí ibi tí o fi ẹsẹ̀ tẹ̀ má yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ máa rí ọ bá sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ wọn máa yé ọ. Kí o má dá wà nínú ilé tó kún. Mo fẹ́ dá ọwọ́ dúró níbí, torí ìyá rẹ ti jókòó, ó ti gbé àga mi sún mọ́ tirẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ